Ọdún Tí Ń Rìn: Ìdùnnú Mùsùlùmí Yí Oṣù Méjìlá Po



Kò sí ọdún kan tí ó ń lọ tí àwọn ènìyàn, pàápàá àwọn oníṣòwò, kì í bi àwa àlùfáà ní ìbéèrè yìí: "Àlùfáà, ọjọ́ wo ni Iléyá bọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí?" Bí a bá sì ti dá wọn lóhùn tán, ẹlòmíràn á mi orí, á ní, "Ṣebí kò tíì pé ọdún kan tí a ṣe é? Kí ni ó dé tí ọdún tiwa kì í fi í dúró sí ojú kan bíi Kérésìmesì?" Ìbéèrè náà dára, nítorí abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀ ju bí àwọn tí ń béèrè ti mọ̀ lọ, ẹ̀tọ́ àwọn tálákà sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jókòó tì í lónìí, kí a sì tú u wò.

Oòrùn ni àwọn òyìnbó fi ń ka ọdún tiwọn. Òṣùpá ni Ọlọ́run fi ṣe òǹkà fún wa. Oṣù kan nínú oṣù tiwa kì í ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, kì í sì í dín sí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Bí a bá ka méjìlá rẹ̀ pọ̀, ọjọ́ 354 ni, nígbà mìíràn 355. Ọdún ti òyìnbó jẹ́ ọjọ́ 365 tàbí 366. Ọjọ́ bíi mọ́kànlá ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì, ọjọ́ mọ́kànlá yìí náà ni ọdún wa sì fi ń fà sẹ́yìn lọ́dọọdún nínú òǹkà òyìnbó. Ní ọdún 2023, ọjọ́ 28 oṣù Júnù ni a pa ẹran Iléyá. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù Júnù ni. Ní 2025, ọjọ́ 6 rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ará ọjà, ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ kí ó ṣòro fún yín. Ẹ wo ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún. Bí ó bá bọ́ sí Jímọ̀ lónìí, Tàlátà ni a ó tún ná an, lẹ́yìn ìyẹn Sátidé, lẹ́yìn ìyẹn Ọjọ́rú. Ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni yóò gbà kí ó tó tún bọ́ sí Jímọ̀. Kò sí ìyálọ́jà kan tí yóò sọ pé ọjà náà ń ṣe ségesège. Ọjà ń tẹ̀lé òǹkà tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ ń tẹ̀lé òǹkà tirẹ̀, wọn a sì máa pàdé ní ọjọ́ tí wọ́n bá pàdé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọdún wa àti ọdún òyìnbó, àfi pé ìpàdé tiwọn pẹ́ ju ìyẹn lọ: ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ẹ ó rántí pé ní ọdún 2006 ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣe Iléyá, ní oṣù Jánúárì àti ní ìparí oṣù Dìsẹ́ńbà. Ọdún 2039 ni irú rẹ̀ yóò tún ṣẹlẹ̀.

Àwọn Lárúbáwá ayé àtijọ́, kí Ìsìláàmù tó dé, gbìyànjú láti dá ọdún náà dúró. Oníṣòwò ni wọ́n. Wọ́n fẹ́ kí ìgbà Hájì máa bọ́ sí àsìkò tí ọjà yóò tà, tí ojú ọjọ́ yóò sì dẹrùn fún ràkúnmí wọn. Nítorí náà wọ́n a máa sún oṣù síwá sẹ́yìn, wọ́n a máa fi oṣù kan kún ọdún. Ọlọ́run kọ̀ ọ́ fún wọn nínú Súrà Táúbà, níbi tí Ó ti sọ fún wa pé méjìlá ni oṣù lọ́dọ̀ Òun, àti pé mẹ́rin nínú wọn jẹ́ oṣù ọ̀wọ̀. Nígbà Hájì ìdágbére tí Ànábì wa Muhammad ṣe ní ọdún 632, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ó kéde fún gbogbo ìjọ pé ìgbà ti padà sí ipò rẹ̀. Láti ìgbà náà kò sí ẹni tí ó tún gbọdọ̀ so oṣù mọ́lẹ̀ nítorí ọjà.

Àánú ńlá wà nínú rẹ̀. Àwa ní ilẹ̀ Yorùbá, ojúmọ́ wa kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ara wọn lọ láti oṣù dé oṣù, nítorí náà a kì í fura. Ẹ bi àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2016, oṣù Júnù ni Ràmàdáánì bọ́ sí, ààwẹ̀ wọn lójúmọ́ sì ju wákàtí 18 lọ. Bí Ràmàdáánì bá yí dé oṣù Dìsẹ́ńbà, kò ní ju bíi wákàtí mẹ́wàá lọ fún wọn. Ká ní ojú kan ni oṣù náà dúró sí, ìlú kan ni ìbá máa jìyà títí ayé, tí òmíràn a sì máa gbádùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgbẹ̀ tiwa: ẹni tí ó gba ààwẹ̀ nígbà tí ó ń kọ ebè lábẹ́ oòrùn yóò tún gbà á nígbà ọyẹ́, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Mùhárámù ni oṣù tí ó ṣáájú. Káńfà Ọlọ́run, Sàídí Umar, ni ó mú kí a máa ka ọdún láti ìgbà tí Ànábì ti ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, ìyẹn ọdún 622 ti òyìnbó. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í tilẹ̀ í mọ̀ nígbà tí ọdún Hijira bá yí, bẹ́ẹ̀ ni a máa ń fi gbogbo òru ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì yìnbọn ṣáńgílítí. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà 2012, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ kan nítorí ọdún tuntun Hijira. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀ nígbà náà. Èmi kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kan náà ni Àṣúrà, tí a ń gba ààwẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí súnnà.

Máólúdì ni ó tún kàn, ní oṣù Ràbíù-l-Áwàlì. Mo mọ̀ pé àwọn arákùnrin wa kan wà tí wọ́n kà á sí ohun tuntun tí a mú wọ inú ẹ̀sìn, èmi kò sì ní bá wọn jà nínú ìwé ìròyìn. Ohun tí mo lè sọ ni pé Máólúdì tí a kò ti ka ìtàn ìgbésí ayé Ànábì fún ọmọdé létí, tí ó jẹ́ pé ìlù àti ìrẹsì nìkan ni ó wà níbẹ̀, àpèjẹ lásán ni, kí onítọ̀hún má pè é ní ẹ̀sìn.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, Rájábù àti Ṣàbáánì a kọjá, Ràmàdáánì a dé. Ta ni kò mọ adùn oṣù yẹn láàárín àwa Yorùbá? Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́ a máa gbé ìlù lóru, wọ́n a máa kọrin lójúlé dé ojúlé láti jí àwọn tí yóò jẹ sààrì. Wéré ni a ń pe orin náà, ajísààrì sì ni àwọn tí ń kọ ọ́. Inú rẹ̀ ni orin fújì ti jáde, èyí tí Síkírù Àyìndé Barrister, tí ó kú ní ọdún 2010, sọ lórúkọ. Orin tí a fi ń jí ènìyàn dìde fún ìsìn Ọlọ́run ni ó wá di orin àríyá ọ̀sán gangan. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná owó lé olórin lórí, ẹ rántí ibi tí orin náà ti wá.

Ìyà tí ó wà nínú Ràmàdáánì kì í ṣe ti ebi. Ti ọjà ni. Bí oṣù bá ti kù díẹ̀ kí ó lé, iye dàbínù, ṣúgà, ọsàn àti bàrà yóò fò sókè, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ pé ọ̀wọ́n dé bá ọjà. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó ń gba ààwẹ̀ ni ó ti ọjà mọ́ inú ilé, tí ó ń dúró de ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ yóò fi tipátipá rà á. Ànábì wa ka ẹni tí ó bá kó oúnjẹ pamọ́ de ọ̀wọ́n sí ẹlẹ́ṣẹ̀. Kí ni ìyá bẹ́ẹ̀ fẹ́ gbà nínú ààwẹ̀ tí ó ń gbà?

Ọ̀rọ̀ òṣùpá wíwò tún ń bẹ. Ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, ni a ń retí ìkéde rẹ̀ láti ẹnu Sọ́táànì Sókótó. Síbẹ̀ ìjọ kan a ní òun rí i, ìjọ kejì a ní òun kò rí i, ìyàwó a máa gba ààwẹ̀, ọkọ a máa jẹ ọdún nínú ilé kan náà. Àwọn tí ó mọ ìṣirò ojú ọ̀run lè sọ ìgbà tí òṣùpá tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ láìṣìnà. Bí wọ́n bá sọ pé kò tíì bẹ̀rẹ̀, tí ẹnì kan sì wá búra pé òun fi ojú rí i, ojú onítọ̀hún ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá ti gbé ìkòkò ìrẹsì kaná fún ọjọ́ tí a kò ṣe ọdún mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àlùfáà nìkan.

Nígbà tí Ànábì dé Mẹ̀dínà, ó bá ọjọ́ méjì kan lọ́wọ́ wọn tí wọ́n máa ń fi ṣeré. Ó sọ fún wọn pé Ọlọ́run ti fi ọjọ́ méjì tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ dípò rẹ̀: ọjọ́ ìtúnu ààwẹ̀ àti ọjọ́ ìpaẹran. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣeré mọ́. Eré ṣíṣe àti ìdùnnú jẹ́ ara ẹ̀sìn wa. Èèwọ̀ tilẹ̀ ni láti gba ààwẹ̀ ní ọjọ́ ọdún méjèèjì. Ẹni tí ó bá lejú koko lọ́jọ́ Ìtúnu nítorí pé ó fẹ́ ṣe olùfọkànsìn kò mọ ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n a ti fi ẹ̀tọ́ tálákà ṣáájú eré náà: sàká ìtúnu ààwẹ̀, òṣùwọ̀n múdù mẹ́rin oúnjẹ lórí ọkùnrin, obìnrin, àgbà àti ọmọ ọwọ́ inú ilé, kí a tó lọ sí yídì. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ ti pẹ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé orí Iléyá, nítorí ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta ọ̀pọ̀ wa lẹ́sẹ̀.

Láti ilẹ̀ Òkè Ọya àti láti orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àgbò wa ti ń wá. Ẹni tí ó bá ti dé ọjà Kára lẹ́bàá òpópó Èkó sí Ìbàdàn bí ọdún bá kù ọ̀sẹ̀ kan yóò mọ bí ó ti ń rí. Ní ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti fò sókè nítorí pé ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù Méè, oṣù kan péré sí Iléyá. Iye owó àgbò tẹ̀lé e lọ sókè. Bẹ́ẹ̀ ni ní oṣù Fẹ́búárì àti Máàṣì ọdún kan náà, owó tuntun ti wọ́n, tí àwọn ìyá ọlọ́jà fi ń wo oníbàárà tí kò ní owó lọ́wọ́.

Ìyá kan wà nínú ìjọ wa tí ó ń ta aṣọ àǹkárá. Mo mọ̀ ọ́n ní oníṣòwò tí ìsọ̀ rẹ̀ kún dé àjà. Ní ọdún 2023 yẹn, lẹ́yìn ọ̀dá owó, ó ṣe nìkáà ọmọ rẹ̀ obìnrin, pẹ̀lú wòlímọ́tù, pẹ̀lú aṣọ ẹbí oríṣi méjì. Kí ó tó sinmi, ìyá rẹ̀ kú. Wọ́n ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, wọ́n tún ṣe ti ogójì ọjọ́, pẹ̀lú màlúù. Ojú owó ni ó ń ná, kì í ṣe èrè. Nígbà tí Iléyá yóò fi dé, ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn olówó èlé, ó yá owó àgbò. Ní ọdún 2024, nígbà tí oṣù kù díẹ̀ kí ó lé, ó wá bá mi lẹ́yìn ìrun Alásárì. Mo rò pé àdúrà ni ó fẹ́. Ó ní, "Àlùfáà, gbèsè èṣí kò tíì tán. Bí n kò bá pa ẹran lọ́tẹ̀ yìí, ṣé mo ti dẹ́ṣẹ̀? Ojú wo ni n ó sì fi wo àwọn àna mi?"

Mo sọ fún un pé ìbéèrè méjì ni ó béèrè, ti Ọlọ́run àti ti àna. Ti Ọlọ́run rọrùn. Gẹ́gẹ́ bí a ti kà á nínú ìwé àwọn ọmọlẹ́yìn Ìmáàmù Máálíkì tí àwa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, súnnà tí ó lágbára ni ẹran pípa fún ẹni tí ó ní agbára. Ẹni tí owó ẹran náà yóò pa lára nínú ohun tí kò lè ṣe aláìní ní ọdún yẹn, ẹrù rẹ̀ kò sí lọ́rùn rẹ̀. Àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àgbò méjì ni Ànábì wa pa. Ó pa ọ̀kan fún ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀, ó sì pa èkejì ní orúkọ àwọn ìjọ rẹ̀ tí kò rí ẹran pa. Ìyá yìí wà nínú àwọn tí a ti pa ẹran fún láti bí egbèje ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí mo sọ èyí, omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ti àna ni kò rọrùn. Kò sí ìwé fíkíhù kan tí ó dáhùn rẹ̀. Ó lọ sọ fún wọn fúnra rẹ̀. Wọn kò pa ẹran nínú ilé rẹ̀ ní ọdún náà. Ẹran tí àwọn aládùúgbò fi ránṣẹ́ sí i pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi yan díẹ̀ pamọ́. Nínú àwọn aládùúgbò wọ̀nyí ni onígbàgbọ́ méjì wà tí Mùsùlùmí ẹbí wọn fún ní ẹran, tí wọ́n sì pín in fún un. Bí ilẹ̀ wa ti rí nìyẹn. Ìrẹsì Kérésìmesì ń wọ ilé Àlhájì, ẹran Iléyá ń wọ ilé bàbá ìjọ, kò sì sí ẹni tí ó ka èyí sí ọ̀ràn ìjà.

Èmi kò sọ pé kí a má ṣe àríyá. Ẹ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú a péjọ sí iwájú ààfin Awùjalẹ̀. Láti inú ọpẹ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀: àwọn Mùsùlùmí ìlú náà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba tí ó gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí àwọn regbéregbé a tò ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, oníkálukú pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, àwọn ìdílé Balógun a gun ẹṣin, Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ a jọ jáde. Ọba Sikiru Adétọ̀nà, tí ó wàjà ní oṣù Júlàì 2025, wà lórí ìtẹ́ fún ọdún márùnlélọ́gọ́ta. Alásọ ń tà, aránṣọ ń rí iṣẹ́, onílé ìgbàlejò ń rí owó. Ìnáwó bẹ́ẹ̀ ń mú owó wọ ìlú. Ohun tí mo ń bá jà ni ìnáwó tí ó ń kó owó jáde kúrò nínú ìsọ̀ opó.

Ní ọdún 2020, àrùn Kòrónà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí a ti fẹ́ gbàgbé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, inú ilé ni a ti kírun Ìtúnu Ààwẹ̀. Kò sí Ojúde Ọba ní ọdún náà. Kò sí ẹyọ ènìyàn kan tí ó ti Nàìjíríà lọ ṣe Hájì. Síbẹ̀ ọdún dé, ọdún sì lọ. Bàbá ni ó ṣe lèmọ́mù fún ìyàwó àti ọmọ nínú pálọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n gbọ́ tí bàbá wọn ké Kùránì sókè.

Níti ayẹyẹ ìgbésí ayé, tí kì í dúró de oṣù kankan, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ìsọmọlórúkọ jẹ́ súnnà, pẹ̀lú ẹran rẹ̀, ní ọjọ́ keje, tí àwa Yorùbá ń pè ní ọjọ́ kẹjọ nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn. Nìkáà jẹ́ súnnà, oúnjẹ rẹ̀ sì jẹ́ súnnà. Wòlímọ́tù Kùránì ni ó ń bà mí nínú jẹ́. Nígbà tí a wà ní ilé kéú, ọmọ tí a bá ṣe wòlímọ́tù fún ti fi wàláà kọ Kùránì láti ẹsẹ̀ dé orí; bí o bá jí i lóru yóò kà á. Nísinsìnyí, ọmọbìnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọ̀la ni a ń wé láwàní fún, tí àlùfáà ń ka ọ̀rọ̀ kan, tí òun náà ń ka ọ̀kan tẹ̀lé e bí ayékòótọ́, tí ẹbí sì ń ná owó lé e lórí. Kí ni a ń yọ̀ lé lórí? Aṣọ ni tàbí Kùránì? Ẹ kọ́ ọmọ náà tán kí ẹ tó pe àpèjẹ.

Níti ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹjọ àti ogójì òkú, àṣà ni. A kò rí i nínú súnnà. Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, nítorí pé àwa àlùfáà ni a máa ń jókòó sí ìdí àwo níbẹ̀. Àdúrà fún òkú dára, sàráà fún òkú sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí súnnà kọ́ wa ni pé kí àwọn aládùúgbò sè é wá fún àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, kì í ṣe kí ọlọ́fọ̀ ta ilẹ̀ láti bọ́ àdúgbò. Gbèsè òkú ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ san, kí a tó pín ogún.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó yọ̀, kí ó wo Mohammed Shitta Bey ní Èkó. Oníṣòwò ni bàbá náà, bíi tiyín. Mọ́sálásí tí ó fi owó ara rẹ̀ kọ́, tí ọmọ àgùdà kan, João Baptista da Costa, mọ fún un, ni wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Júlàì 1894, tí aṣojú Sọ́táànì ilẹ̀ Tọ́kì sì bá wọn péjọ síbẹ̀. Ó kú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Oúnjẹ ọjọ́ náà ti tán láti ìgbà náà. A sì ń kírun nínú mọ́sálásí náà títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí òǹkà wa, nítorí mo sọ pé owó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó ń dá àjọ ẹran Iléyá, ó sì dára ju owó èlé lọ. Ṣùgbọ́n oṣù òyìnbó ni wọ́n fi ń dá a. Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Júlàì 2023, tí wọ́n sì fẹ́ kó o ní ìparí oṣù Júnù 2024, Iléyá dé bá wọn ní ọjọ́ 16 oṣù Júnù, owó oṣù ìkẹyìn kò tíì wọlé. Ariwo sọ, wọ́n ní alájọ kó owó jẹ. Alájọ kò jẹ owó kankan. Òṣùpá ni ó ṣáájú wọn. Ní ọdún mẹ́ta, ìyàtọ̀ náà ti ju oṣù kan lọ. Bí òṣùpá bá lé ni kí ẹ máa dá owó, ìgbà méjìlá yóò sì pé kí ọdún tó pé.

Èyí tí ó wúwo jù ni ti sàká. Oníṣòwò tí ń rà tí ń tà lójoojúmọ́, bí ọdún bá yí po, ó ní láti díye lé ọjà inú ìsọ̀ rẹ̀, kí ó fi owó ọwọ́ rẹ̀ kún un, kí ó yọ gbèsè tí ó jẹ. Bí èyí tí ó kù bá tó iye wúrà gíráàmù 85, ìdá kan nínú ogójì rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí Ọlọ́run dárúkọ. Ọdún wo ni a wí? Ọdún òṣùpá ni. Ẹni tí ó ń yọ sàká rẹ̀ ní ìparí oṣù Dìsẹ́ńbà pẹ̀lú ìwé ìṣirò ọjà rẹ̀, bí ó bá ṣe é fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni yóò ti yọ, nígbà tí ọdún Ọlọ́run ti pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Sàká ọdún kan odindi ti wà lọ́rùn rẹ̀ fún tálákà, kò sì mọ̀. Bí ó bá jẹ́ 100,000 náírà ni ó ń yọ lọ́dún, 100,000 náírà ni ó jẹ. Kí ó mú ọjọ́ kan nínú oṣù wa, bí ọjọ́ kìíní Ràmàdáánì, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ọjà rẹ̀, kí ó má sì kúrò lórí rẹ̀.

Àwọn àgbà tí wọ́n bá ń ka ọjọ́ orí wọn lè fi òǹkà yìí dán ara wọn wò pẹ̀lú. Ẹni tí ó pé ọgọ́ta ọdún nínú ìwé òyìnbó ti lé ní ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta àti oṣù mẹ́wàá nínú tiwa.

Kí n tó gbé kálámù sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ta dàbínù, ẹ kọ eléyìí sínú ìwé yín: ní ọdún 2030, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ràmàdáánì yóò lé, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Jánúárì àti ní ìparí oṣù Dìsẹ́ńbà. Ọjà méjì nínú ọdún òyìnbó kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ti èkejì mọ́lé.